Ọjọ́ Tí A Lọ Tọrọ Bàbá Apoògùn

Kí ẹgbẹ́ àwa apoògùn agbègbè Atakpamé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Bí aláìsàn bá béèrè oògùn tí kò sí lọ́wọ́ wa, a kì í júwe fámásì ẹlòmíì fún un. "Padà wá lọ́la" ni. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bíi Glei wá á tún gun alùpùpù padà sílé lọ́wọ́ òfo.

A fẹ́ kó ara wa jọ, ṣùgbọ́n bàbá kan wà, òun ló kọ́kọ́ ṣí fámásì nílùú wa. Bí kò bá bá wa jókòó, àwọn tó kù ò ní jókòó. Kódà lọ́jọ́ Àìkú, ó ń ṣí, torí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni láti gba iṣẹ́ náà ṣe.

Obìnrin ẹlẹgbẹ́ wa kan láti Notsé ló ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà." Làwa mẹ́ta bá wọ aṣọ ńlá, a gbé ìgò ọtí sódabì méjì dání, a forí lé ilé bàbá.

Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá múra báyìí gbé ọtí wọlé onílé, ìyàwó ló wá fẹ́? Ìyàwó bàbá rí wa, ló bá ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ lóbìnrin. Ká tó mu omi tí wọ́n gbé fún wa tán, pálọ̀ ti kún.

"Èwo nínú yín lọkọ?" ọ̀kan nínú wọn béèrè.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, a wá tọrọ…"

"Eléyìí kẹ̀? Tórí rẹ̀ ti pá! Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni o!"

"Ìyá, kì í ṣe ọmọ. Bàbá fúnra wọn la wá tọrọ, kí wọ́n wá ṣe olórí ẹgbẹ́ wa."

Ni ìyàwó bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa gbé e lọ! Ṣùgbọ́n ẹ ó san ìdána. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ pín ọjọ́ Àìkú láàárín ara yín."

Bàbá tó ti ń gbọ́ wa láti igun pálọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. "Ta ni yóò kọ́kọ́ ṣí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Bí oògùn ò bá sí lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

"Màá pè yín, kódà bí ẹ bá wà nínú ìsìn."

Ó mirí pé ó dáa, ó ṣí sódabì.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ pé, obìnrin kan gun òkè wá sọ́dọ̀ mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìwé oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé ta ló júwe ibí fún un.

"Bàbá kan tó wọ kóòtù ni. Ó ti ilẹ̀kùn fámásì rẹ̀ pa, ó ní ọ̀dọ̀ àbúrò òun ni kí n máa lọ. Ó ṣì fẹ́ sin mí débí, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń fà á lápá, ó ní aago ṣọ́ọ̀ṣì ti lù."