Ẹsẹ̀ Ìkejì Lórí Bíréèkì

Ìkejì ni gbogbo èèyàn ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí òun ni awakọ̀ kejì nínú bàálù. Òun náà ni ìyá rẹ̀ bí ṣìkejì, nítorí náà orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí i. Láti kékeré ló ti ń jókòó ti ẹni tó jù ú lọ.

Kò-sí-wàhálà ni wọ́n ń pe ọ̀gá tó ń jókòó ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Òjò ń bọ̀, kò sí wàhálà. Iná pupa tàn níwájú, kò sí wàhálà. Ó ti ń wa bàálù kí Ìkejì tó mọ̀wé kà, ó sì máa ń rán an létí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó máa ń bá a gba tíì tí wọ́n bá dé, ó sì máa ń béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ohun kan ni kì í gbà: kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Ìkejì tún ọ̀rọ̀ ilé-ìṣọ́ sọ fún un, ìyẹn ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀gá yíjú sí i.

"Àbúrò, ṣé etí mi dí ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú."

"Tí mo bá nílò ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, màá rà á."

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìkejì náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀rín náà relé, kò sì jẹ́ kó sùn.

Kò kúkú rí oorun sùn dáadáa tẹ́lẹ̀. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé: òun àti ọkọ rẹ̀ nínú ọ̀kan, ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn nínú èkejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń gbé omi kaná fún ìyá rẹ̀, á lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, á sì gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ jáde kó má baà jí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yìí ló gbé ilé náà ró. Ọkọ rẹ̀ ń wáṣẹ́, ó sì ti ń wá a tipẹ́tipẹ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, wọ́n ti balẹ̀, wọ́n ti gbéra, wọ́n tún ti balẹ̀, ojú Ìkejì sì ti ń ta á. Bàálù ń yí lọ jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀, ó ń lọ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbéra. Rédíò méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan wà fún ilé-ìṣọ́, Ìkejì ló ń dá a lóhùn. Èkejì wà fún ọ́fíìsì wọn, ọ̀gá ló wà lórí ìyẹn, ó ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ ẹrù èrò kan tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀.

Ilé-ìṣọ́ ní kí wọ́n dúró níbi ilà ìdúró tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà, nítorí bàálù kan ń bọ̀ wá balẹ̀ níbẹ̀. Ìkejì tún un sọ padà fún wọn bí iṣẹ́ rẹ̀ ti gbà, ó sì sọ ọ́ sókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀gá. Lójú tirẹ̀, ọ̀gá ti gbọ́. Ọkàn ọ̀gá sì wà lọ́dọ̀ ẹrù. Ó yẹ kí Ìkejì yíjú kó wí fún un. Ó rántí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ó panu mọ́.

Ilà náà ń súnmọ́. Bàálù kò dẹwọ́ eré.

"Ẹ̀gbọ́n, ilà ìdúró ti dé o."

"Mo rí i."

Òótọ́ ló sọ, ó rí i. Ó rò pé wọ́n ti fún àwọn lọ́nà ni. Bí wọn kò bá fún àwọn lọ́nà, ṣebí Ìkejì ìbá ti wí. Ìkejì ní tirẹ̀ rò pé ọ̀gá máa dúró, pé ó kàn ń fà á ni. Èèyàn méjì tó kàwé, tí èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kálukú gbà pé ẹnì kejì òun mọ̀. Lẹ́yìn wọn, àwọn èrò ń wo fóònù.

Bíréèkì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n nílé-iṣẹ́ yẹn, tí ọ̀gá bá ń wa bàálù lórí ilẹ̀, awakọ̀ kejì kì í fẹsẹ̀ kàn án. Wọn kò kọ ọ́ síbì kankan. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí imú bàálù fẹ́ kọjá ilà, Ìkejì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bàálù ta gìrì, ó dúró.

"Ta ló ní kí o tẹ̀ ẹ́?" ọ̀gá jágbe mọ́ ọn. Kò tíì panu dé tí bàálù tó ń bọ̀ wá balẹ̀ náà fi yọ láti òkè, tó gba iwájú wọn kọjá. Wọ́n rí táyà rẹ̀ kedere.

Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ń ké. Àǹtí Bẹ́líìtì ni, olórí àwọn tó ń tọ́jú èrò. Ọ̀gá kò tíì ní kí wọ́n jókòó, nítorí náà ó wà lórí ìdúró, ó ń bá bàbá arúgbó kan so bẹ́líìtì. Gìrì náà gbé e ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

Ìkejì lọ wò ó ní ọsibítù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"O gbà mí là, o tún ṣẹ́ mi lọ́wọ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ wí?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Yéè! Ìwọ ọmọ yìí, o lè tẹ bíréèkì, o ò lè la ẹnu?"



Ní ọ́fíìsì, wọ́n gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ nínú bàálù. Kò sí ohun tó rúni lójú níbẹ̀. Síbẹ̀, Ìkejì ni olùdarí ránṣẹ́ pè.

"Ọ̀gá rẹ ń bínú. Ó ní o tàbùkù òun lójú èrò. Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n bẹ̀ ẹ́ fún?"

"Ṣé ọmọ àná ni ẹ́ ni? Bẹ̀ ẹ́ ṣáá. Tí o ò bá bẹ̀ ẹ́, ọ̀gá wo ló máa gbà kó o jókòó ti òun?"

Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ìdí tí gbólóhùn kan ṣoṣo fi ṣòroó sọ fún un.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ní, "Ó ti rẹ̀ ọ́. Bẹ̀ ẹ́, ká rójú." Ìyá rẹ̀ pariwo láti yàrá kejì: "Ta ni kó bẹ ta? Ẹni tó fẹ́ pa á ni kó tún lọ bẹ̀?" Wọ́n gbọ́ tó ń mi ìgò oògùn. "Ó dáa, bẹ̀ ẹ́. Oògùn ẹsẹ̀ mi ti ń tán lọ."

Ó bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń po tíì. Ọ̀gá na kọ́ọ̀bù kan sí i.

"Kò sí wàhálà, àbúrò. Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó gba tíì náà. Ó mu ún tán.

Nígbà tí wọ́n jọ jáde lẹ́yìn náà, bàálù tún ń yí lọ síbi ilà kan náà. Ilé-ìṣọ́ ní kí wọ́n dúró. Ìkejì dá wọn lóhùn, ó wá yíjú.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká dúró níbi ilà."

"Mo gbọ́. Àbí etí mi..."

Ọ̀gá kò parí rẹ̀. Ó wolẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìkejì méjèèjì wà lórí bíréèkì. Kò tẹ̀ ẹ́, kò sì gbé e kúrò.

Ọ̀gá dúró nígbà tí ilà náà ṣì jìnnà síwájú. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí bàálù tí kò tíì yọ. Itan ń ro Ìkejì. Kò gbé ẹsẹ̀.