Ọmọ Tí Wọ́n Yá Fún Ìwọ̀n

Ní Sábó lánàá, alápatà kan gbé itan ewúrẹ́ kọ́ ìwọ̀n, ìkọ́ irin náà sì dún kíín.

Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ọmọ wò láti ilé dé ilé gbé wá bá wa ní Òkèrèwè lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí ìyá mi ṣe gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé àbúrò mi, tí egungun ìhà rẹ̀ ti yọ, lé mi lẹ́sẹ̀ ní yàrá.

"Má jẹ́ kó ké o. Ojú á tì mí."

Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ yá ọmọ aládùúgbò wa, ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀.

Láti ẹ̀yìn aṣọ ìlẹ̀kùn, mo gbọ́ tí ìwọ̀n dún kíín.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ọmọ yín ń dàgbà dáadáa," ni nọ́ọ̀sì wí, wọ́n sì kọ ìwọ̀n ọmọ náà sínú káàdì àbúrò mi.

Inú mi dùn pé a yege. Àbúrò mi ń fa ìka mi mu. Ẹnu rẹ̀ gbóná, kò sì ké.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé oúnjẹ tí wọ́n ń fún ọmọ tó bá rù ló kún àpò tí nọ́ọ̀sì gbé padà lọ.

Káàdì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ọmọ tó sanra la sin ní ọ̀sẹ̀ kejì ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì wá.