Ọjọ́ tí mi ò ṣe Àmín ní mítìǹgì lanlọ́ọ̀dù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ìkòsí fún yín, nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde. Títí dòní, tí mo bá rántí ẹ̀, ẹnu ṣì máa ń yà mí!

Ọkọ mi ti kú láti bí ọdún méjì nígbà náà. Ìsàlẹ̀ àdúgbò nilé wa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánààlì. Tójò bá ti rọ̀, èmi àtàwọn ọmọ á gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí tábìlì. Gọ́tà la nílò. Àmọ́ apá òkè ni gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lanlọ́ọ̀dù ń gbé, géètì ni wọ́n sì ń sọ ṣáá. Ṣé omi máa ń kan géètì kó tó wọlé ni?

Ẹ wá gbọ́ bá a ṣe ń dìbò o. Inú àdúrà ìparí ni! Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn sanitéṣọ̀n, a máa jókòó sí kọ́ńpáùndù Daddy Alága. Tó bá ti di ọdún ìbò, ẹni tó ń gbàdúrà á kàn fi kún un pé kí Olúwa fún Daddy lágbára láti máa bá iṣẹ́ lọ. Gbogbo wa á ké "Àmín!" Wọ́n ti wọlé nìyẹn. Ta ló fẹ́ kọ àdúrà?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Bí àdúrà ṣe dé ibi tí mo mọ̀ pé ó ń lọ, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká dìbò ká tó ṣe Àmín, pé Ẹ́ńjíníà tó ń gbé nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà fẹ́ ṣe alága.



Uncle kan lápá òkè ló kọ́kọ́ fọhùn. Wọ́n ní orúkọ ọkọ mi ló wà nínú rẹ́jísítà, òkú kì í sì í dìbò, kí àbúrò ọkọ mi wá láti Ìjẹ̀bú wá dìbò fún ilé náà. Ẹni tí ò mọ ibi tómi ń gbà wọlé mi! Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ni Bàbá Onílẹ̀ bá wúkọ́. Àwọn ni wọ́n ta ilẹ̀ fún gbogbo wa, wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ ní mítìǹgì. Wọ́n bi Uncle pé lọ́jọ́ táwọn ń wọn ilẹ̀ ọkọ mi, ta ló di orí okùn kejì mú?

Bàbá fúnra wọn ló dáhùn: "Ọkọ ẹ̀ wà níbiṣẹ́. Obìnrin yìí ni, tòun toyún! Inú ẹrẹ̀ ló dúró sí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú! Èmi gan-an ti gbàgbé.

Mo rò pé Daddy Alága máa bínú. Àwọn ló ni kọ́ńpáùndù, ọwọ́ wọn sì ni rẹ́jísítà wà. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n yọ báírò, wọ́n ní kí n pe orúkọ mi, kì í ṣe Ìyá Tọ́mi o, orúkọ tèmi gan-an. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn.

A wá tò sẹ́yìn Daddy àti Ẹ́ńjíníà, ilé kan, ẹnì kan. Aunty akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn méjìlá wà lẹ́yìn Daddy. Mẹ́tàlá wà lẹ́yìn Ẹ́ńjíníà, èmi ni mo sì tò kẹ́yìn.

Aunty kọ ọ́ sínú ìwé. Daddy fúnra wọn ló gba ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n kà á sókè, wọ́n ní: "Mo ti fìdí rẹmi. Báírò mi ló kọ orúkọ tó lé mi. Ó dùn mí díẹ̀ o, àmọ́ ó yẹ kí n ti kọ ọ́ tipẹ́." Wọ́n wá ní kí n gbàdúrà ìparí.

Ẹ gbà mí! Mo gbàdúrà fún Daddy ju Ẹ́ńjíníà lọ, àwọn ni wọ́n sì ké Àmín tó lágbára jù.

Ohun tí mo kọ́ ni pé Àmín dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka èèyàn. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé orúkọ yín wà nínú rẹ́jísítà àdúgbò yín, àbí ẹlòmíì ló ń ṣe Àmín fún yín? Ẹ sọ tiyín fún mi.