Ọlọ́fínńdà Tí Imú Rẹ̀ Dí

Lọ́fínńdà ni ọkọ mi ń tà lọ́jà New Bell ní Dùálà, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó dé nínú páálí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń po òróró olóòórùn dídùn pọ̀, díẹ̀ nínú ìgò yìí, díẹ̀ nínú ìgò yẹn, á gbé e símú, á dijú, á mi orí. Imú lọkọ́ rẹ̀, imú ládàá rẹ̀. Àtìgbà tó ti ń fẹ́ mi sọ́nà ló ti ń po tèmi lọ́tọ̀, mo sì ń fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi.

Ọ̀fìnkìn ló kọ́kọ́ mú un, bó ṣe ń mú gbogbo èèyàn nínú òjò Dùálà tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ó lọ sí famasí, wọ́n ta ìgò oògùn kékeré kan fún un, irú èyí tí wọ́n ń fín sínú imú. Ó fín in lẹ́ẹ̀kan, imú là gbàà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, àwọn òyìnbó Faransé wọ̀nyí gbọ́n o!" Ọ̀fìnkìn lọ, ìgò ò lọ. Imú tó là láàárọ̀ á ti dí lọ́sàn-án, á tún fín in. Èyí tó là lọ́sàn-án ò ní í dé ìrọ̀lẹ́. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Nígbà tó yá, ìgò kan wà lápò ẹ̀wù, ọ̀kan wà nísọ̀, ọ̀kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ tí kò bá rí ti abẹ́ ìrọ̀rí, gbogbo ilé ni yóò jí.

Ẹ bi í pé kí ló ń dí i nímú. Bàkàsí ni! Nígbà yẹn, Bàkàsí la fi ń dáhùn gbogbo nǹkan. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń jà lórí ilẹ̀ ẹlẹ́ja tí ọ̀pọ̀ wa ò dé rí, àwa ọmọ Nàìjíríà tí a ń gbé New Bell là ń gba ìbínú rẹ̀. Ata wọ́n, Bàkàsí ni. Ọlọ́pàá ń gba séjour, ìyẹn ìwé tó fún wa láyè láti gbé ìlú wọn, ó ń yí i lójú-lẹ́yìn bí ẹni ń yan àgbàdo, Bàkàsí ni. Ọkọ mi ní èéfín ìbọn ni atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti etíkun. Mo ní ṣé imú tirẹ̀ nìkan ni èéfín ọ̀hún mọ̀ ni? Ó fa ìgò yọ lápò, ó fín in.

Ì bá sàn ká ní ó fi lọ́fínńdà pípò sílẹ̀. Kò fi sílẹ̀ o. Ó ń gbé ìgò sí imú tí kò gbọ́ òórùn kankan, ó ń dijú, ó ń mi orí. Nígbà tí kò sì gbọ́ nǹkan kan, ńṣe ló ń fi kún un. Ẹ gbà mí! Ohun tó ń jáde nínú ìgò yẹn, àfi bí òbúkọ tí òjò pa tó lọ sùn sórí òdòdó. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, eléyìí ń rùn." Ó ní ìlara ni. Ìlara kẹ̀? Èmi àti ọkọ mi?

Ohun tó ń kì í láyà ni pé ọjà ń tà. Òótọ́ ni, ó ń tà. Àwọn Yorùbá ará ilé wa ti fẹnu kò nípàdé pé nígbà tí ìlú le báyìí, ọwọ́ ara wa la ó ti máa rajà. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rà á, tí wọ́n ń fi para, tí mọ́ṣáláṣí wa ń rùn lọ́jọ́ Jímọ̀ débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì ń bo imú. Àgbà ni ọkọ mi láàárín wọn. Ta ni yóò la ẹnu sọ fún àgbà pé ohun tó pò ń rùn? "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ó dùn gan-an ni." Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á yára rìn lọ.

Ní ọjọ́ kan, ọlọ́pàá dá táksí tí ọkọ mi wọ̀ dúró lójú ọ̀nà PK8, àdúgbò kan ní Dùálà. Ó tẹrí bọ ojú fèrèsé láti gba séjour, ó sì fa orí yọ kíá. Ó ní, "Passez! Passez!" pé kí wọ́n máa kọjá lọ. Kò wo ìwé, kò bèèrè nǹkan kan. Ọkọ mi délé, ó ní lọ́fínńdà òun ti di awúre.

Kí ló ń wá lọ sí PK8? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo ti kọ̀ jálẹ̀, n ò fi lọ́fínńdà náà para. Ọkọ mi ní obìnrin tó bá kọ òórùn ọkọ rẹ̀ ti kọ ọkọ. Ó wá rí ọmọbìnrin kan tó ń ta aṣọ ọmọdé létí títì ní PK8. Ọmọ ilé wa làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Dùálà ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ń ṣú. Ọmọ yìí ń fi lọ́fínńdà ọkọ mi para látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọkọ mi ní bí a bá ti túnu ààwẹ̀, òun á gbé e wọlé, kí n kó ẹrù mi kúrò nínú yàrá kejì. Ó dùn mí wọra, n ò ní purọ́. Mo ti gbọ́ nípa ẹni tí wọ́n fi orogún fìyà jẹ nítorí ìwà. Èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí nítorí pé imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, orí ara mi ni mo ti rí i.

Mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Bonapriso, níbi tó jẹ́ pé ajá pàápàá ń gun mọ́tò. Dókítà tan iná wo inú imú rẹ̀. Ó ní, "Monsieur, oògùn yìí gan-an ló ń dí yín nímú. Ọjọ́ díẹ̀ ló yẹ kéèyàn fi lò ó. Bí agbára rẹ̀ bá ti tán, inú imú á wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó sì tún fín in." Ó ní kó kọ́kọ́ fi ihò kan sílẹ̀ láìfín, kí ìyẹn là, kó tó kan èkejì, kó máa fi omi iyọ̀ tí a ti sè fọ imú, ó kọ oògùn ìfínmú mìíràn tí kì í ṣe irú ẹ̀ fún un, ó ní ìyà díẹ̀ á jẹ ẹ́, kó fara dà á. Ọkọ mi dúpẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A ò tíì kọjá géètì tó fi yọ ìgò, tó fín in sọ́tùn-ún sósì. Ó ní, "Ọmọ Kamẹrúùnù ni. Ṣé ìyẹn á fẹ́ kí imú ọmọ Nàìjíríà là?"

Ààwẹ̀ ló gbà mí. Àáfà wa ṣe wáàsí pé oògùn tí wọ́n bá fín símú lọ́sàn-án ààwẹ̀, tó bá fi lè kán dé ọ̀nà ọ̀fun, ààwẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí dókítà sọ tó di ìjà Bàkàsí, Àáfà sọ ọ́, ó di òfin Ọlọ́run. Ọkọ mi bẹ̀rù Ọlọ́run ju imú lọ, mo yìn ín fún ìyẹn. Ó jókòó nísọ̀ lọ́sàn-án, ó la ẹnu kalẹ̀ bí ẹja, ó ń bínú sí gbogbo oníbàárà. Mo rí àyè, mo bọ́ sẹ́nu iṣẹ́: mo ń se omi iyọ̀, mo ń gbé oògùn tuntun síwájú rẹ̀ nígbà sàárì àti nígbà ìṣínu, mo kó àwọn ìgò àtijọ́ pamọ́. Ihò òsì là. Nígbà tó yá, ti ọ̀tún tẹ̀ lé e. Níjọ́ kan tí mo gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Irú wà nínú ẹ̀fọ́ yìí." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun. Ó jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ọ̀rọ̀ PK8 ò yí padà o."

Nínú ààwẹ̀, àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa kì í fi lọ́fínńdà para lọ́sàn-án, ọkọ mi náà sì ti ti ìsọ̀ nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Imú tó là ò tíì bá lọ́fínńdà pàdé, àfi nígbà tí a dé yídì lọ́jọ́ ọdún. Gbogbo wọn ti fi ti Bàbá para. Láti ìlà àwọn obìnrin lẹ́yìn, mo rí ọkọ mi tó ń yí orí kiri. Ó wo abẹ́ bàtà ara rẹ̀. Ó wo abẹ́ bàtà ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe kírun tán, ó gun bẹ́ńskìn, alùpùpù akérò wọn, ó lọ kí ìyàwó tuntun ní PK8. Èmi ń din ẹran ọdún nílé.

Kò pẹ́ tó fi dé. Ó jókòó ti ilẹ̀kùn ìdáná, kò bọ́ fìlà. Ó ní ọmọ náà ti fi lọ́fínńdà para kí òun tó dé, pé òun bi í pé kí nìyẹn, ó fi Faransé dáhùn pé tiyín ni. Òun bi í pé ṣé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ náà ní rárá, pé òun ti rò pé àṣà wa nílé ni, pé bí ọkùnrin Yorùbá ṣe ń rùn nìyẹn, òun sì ń kọ́ bí òun yóò ṣe máa fara dà á.

"Ṣé bó ṣe ń rùn láti ìgbà yẹn nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbogbo wọn mọ̀?"

"Gbogbo wọn."

"Wọ́n sì ń kí mi kú iṣẹ́." Omi lé ròrò sí i lójú. "Ìwọ nìkan lo sọ fún mi, ìwọ náà ni mo sì fẹ́ fìyà jẹ."

Mo ti to èébú sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn, èébú tó tó kún ọkọ̀. Mo rí omi lójú rẹ̀, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo bu ẹran fún un.

"Mi ò lè lọ síbẹ̀ mọ́," ó ní. "Kí ni kí n ránṣẹ́ sọ fún ọmọ yẹn?"

Mo ní, "Ẹ ní kó lọ wẹ̀."