Ẹ̀sùn Ìkíni Nídìí Tábìlì Bíríìjì

Ní Kambolé, ní ilé tí wọ́n gbé mi níyàwó sí, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé kí n tó dé ló jẹ́ ọkọ mi. Èyí tó ṣì ń rá kòrò, ọkọ ni. Obìnrin tó ti bímọ tó ti ní ọmọ-ọmọ, ọkọ ni òun náà. Nítorí náà, bí mo bá ní “ọkọ mi obìnrin” níbí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ọmọ mi ni mò ń sọ. Agbẹ̀bí ni. Sokodé ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi gba retraite, tó fẹ̀yìn tì, ọkọ tirẹ̀ kú, ó sì kó padà sí ilé bàbá wọn pẹ̀lú àpótí aṣọ, rédíò kan, páálí káàdì méjì, àti ẹnu tó lè pa ewúrẹ́.

Káàdì yẹn ló bí ọ̀rọ̀. Bíríìjì lorúkọ eré náà. Obìnrin ìjọ kan láti òkè òkun ló fi kọ́ àwọn agbẹ̀bí àti àwọn olùkọ́ obìnrin ní Sokodé nígbà kan. Òun ti lọ, eré ò bá a lọ. Ẹni mẹ́rin ló ń ta á, méjì sí méjì, àwọn tó kojú síra ló jọ wà. Kí wọ́n tó ta, wọ́n á kọ́kọ́ pè: oníkálukú á sọ iye ìgbà tó rò pé òun àti ìkejì òun lè kó ohun tó bá wà nílẹ̀. Nígbà tí ìpè bá parí, ẹnì kan nínú àwọn méjì tí ìpè wọn borí á tẹ́ gbogbo káàdì rẹ̀ sílẹ̀ gbangba, ìkejì rẹ̀ á sì máa bá a ta á. Ẹni tó tẹ́ káàdì sílẹ̀ yìí làwọn elédè Faransé ń pè ní òkú. Kò gbọ́dọ̀ fọhùn. Òfin tó sì ga jù lọ níbẹ̀ ni pé o kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu, ojú tàbí ikọ́ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ fún ìkejì rẹ.

Ọkọ mi obìnrin ń wá ìkejì. Èmi ló mú, nítorí pé olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo gbọ́ Faransé, àti nítorí pé n kò lè sọ pé rárá. Èébú ló fi kọ́ mi. Bí mo bá ju káàdì tí kò yẹ, á ní, “Orí màlúù! Ṣé báyìí lo ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?” Bí mo bá ju èyí tó yẹ, á ní èèṣì ni. Nígbà tí mo bá jẹ́ òkú tí mo sì mí kanlẹ̀, á ní, “Òkú, dákẹ́!” Àwọn tó bá wà níbẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín. Mo gbà á. Wàláhì, mo fẹ́ràn eré náà ju bí mo ṣe kórìíra ẹnu rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n ta jù ú lọ. Òun náà mọ̀. Ó máa ń fi ìgbéraga pe ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo sì máa ń yọ wá. Kò dúpẹ́ rí. Á kó káàdì jọ, á ní, “A bọ́ lọ́wọ́ àìgbọ́n rẹ lónìí.”

Ìdíje àwọn obìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Tchamba, á parí ní Sokodé, àwọn tó bá sì ṣíwájú á lọ sí Cotonou láti lọ bá àwọn obìnrin ilẹ̀ mìíràn ta á. Mo fẹ́ lọ sí Cotonou. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, kò síbi tí mo lọ tí kì í ṣe pé mo tẹ̀ lé ẹnì kan lọ: ìsọmọlórúkọ tẹbí ọkọ, òkú ẹbí ọkọ, oko iṣu ọkọ. Cotonou yìí ni ibì kan ṣoṣo láyé tí wọ́n á ti pè mí nítorí ohun tó wà lágbárí mi. Mo máa ń lálàá rẹ̀ bí mo ṣe ń ro ọkà lórí iná.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, a gun zémì, ọ̀kadà akérò, lọ sí Tchamba. Ìyàrá ìkàwé kan ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti kó bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ariwo ọjà iṣu ń wọlé láti ojú fèrèsé. Èmi rántí òfin: ẹ má sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì. Nítorí náà, nígbà tí a dé tábìlì tó kàn, mo fa àga, mo jókòó, mo sì dákẹ́. Ọkọ mi obìnrin ò jókòó. Ó dúró lé mi lórí, ó sì gbóhùn sókè ní Yorùbá, lẹ́yìn náà ní Faransé kí àwọn ẹ̀yà Tem tí kò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ lè gbọ́.

Ó ní, “Ìwọ, ta ni ẹgbẹ́ rẹ níbí? O rí mi, o fa àga, o jókòó bí ẹni tó jókòó sílé ìyá rẹ̀! Nítorí káàdì, o ò mọ̀ pé èmi lọmọ onílé mọ́?”

Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ má bínú. Òfin eré ni mo ń tẹ̀ lé.”

Ó ní, “Òfin eré ló fẹ́ ọ níyàwó?”

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo wọn, mo ní ẹ kú ìjókòó, nígbà tó jẹ́ pé kò tíì jókòó rárá. Ó mi orí pé ó dára. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó ní ibikíbi tí a bá jókòó, kí n máa kí òun bó ṣe yẹ kí ìyàwó kí ọkọ. Ìyẹn ni mo ṣe. Bí a bá dé tábìlì, ẹ kú ìjókòó. Bí òun bá ń ta, ẹ kú iṣẹ́. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ kú ọyẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ẹ̀kọ́ ilé lọ. Ṣùgbọ́n mélòó ló gbọ́ Yorùbá ní ìyàrá yẹn?

A mókè ní Tchamba, a sì lọ sí Sokodé.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé ètè gbogbo èèyàn ti là. Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ọjà ńlá ni wọ́n lò. Adájọ́ tí wọ́n pè wá, obìnrin ni, ará Kétou ní Benin, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Mo ta eré láàárọ̀ yẹn bí mi ò ṣe ta á rí. Gbogbo ohun tí mo bá rò pé ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ibẹ̀ náà ló wà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àwa la ṣíwájú. A wá dé tábìlì ìyàwó dókítà kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ilé oògùn. Àwọn ló tẹ̀ lé wa.

Mo ní ẹ kú ìjókòó. Ọkọ mi obìnrin ò rí nǹkan kan lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ní “passe”, ìyẹn ni pé òun ò pè. Nígbà tí wọ́n tún pín káàdì, mo rí i tó ń fi ìbòrí bo etí nítorí òtútù, mo ní ẹ kú ọyẹ́. Ó pè é gíga, ìgbéraga rẹ̀ ló gbé e lọ síbẹ̀, a sì ń rí i kó bó ṣe pè é. Ìyàwó dókítà bá ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ó nawọ́ pe adájọ́.

Ó ní, “Àmì ni! Tí obìnrin yìí bá sọ báyìí, ìkejì rẹ̀ á pè é gíga. Tó bá sọ tọ̀hún, ìkejì rẹ̀ á dákẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ wọn.”

Gbogbo tábìlì dáwọ́ dúró. Adájọ́ bi mí léèrè ohun tí mo sọ. Mo sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó ilé ni ẹ, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá kọjú sí àwa méjèèjì, ó sì bá wa sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn.

Ó ní, “Èmi mọ ìkíni wa. Bí ẹ bá sọ pé kíkí lásán ni, mo gbà á gbọ́, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ nídìí ìpè, nítorí náà mi ò lè jẹ́ kí máàkì òní dúró fún yín. Bí ẹ bá jọ ṣètò rẹ̀ ni, ẹ̀yin méjèèjì jáde. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń ṣe é tí ìkejì ò sì lọ́wọ́ sí i, ẹni yẹn nìkan ni á jáde. Ìyá, ẹ̀yin lẹ dàgbà. Ẹ wí.”

Ẹ gbọ́ mi o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó sọ: kíkí lásán ni. À bá pàdánù máàkì òní, à bá dúró de ọdún mìíràn, orúkọ mi á sì mọ́. Mo rí ojú ọkọ mi obìnrin tó ń ṣírò. Mo mọ ojú yẹn, ojú tó fi máa ń wo káàdì ni. Nínú ẹgbẹ́ wa, oníkálukú ló ni máàkì rẹ̀, torí pé àwọn agbẹ̀bí máa ń ní iṣẹ́ òru tí ìkejì wọn sì máa ń yí padà. Bí mo bá jáde, tirẹ̀ á dúró.

Ó ní, “Ìyàwó ló ń ṣe é. Mo ti bá a wí nílé, kò gbọ́. Èmi kì í tẹ̀ lé e.”

 Mo ní, “Ọkọ mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n...”

Ó ní, “Òkú, dákẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ẹ̀rín náà láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Adájọ́ wò mí pẹ́, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni màá pè ní onírọ́, ọmọ onílé, níwájú àwọn àjèjì? Ibo ni màá padà sí lálẹ́ ọjọ́ náà? Mo dìde. Wọ́n yọ orúkọ mi. Ta ni wọ́n sì fi rọ́pò mi? Olóògùn, ọ̀rẹ́ ìyàwó dókítà, ẹni tó jókòó sí tábìlì tí wọ́n ti fẹ̀sùn kàn mí. Òun ni ọkọ mi obìnrin mú lọ sí Cotonou.

Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n ṣe sùúrù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ó ti dàgbà, eré lásán sì ni. Eré lásán! Ó wá ní kí n bá ẹ̀gbọ́n òun lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ sí Cotonou. Mo lọ̀ ọ́. Mo lọ̀ ọ́ dáadáa, kò sí ibi tó jóná.

Ọjọ́ tó dé, gbogbo agboolé ló jáde. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí zémì pẹ̀lú ife onírin kan tí wọ́n fún wọn, àwọn ìyàwó ilé tò, wọ́n ń kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu, ẹ kú oríire. Ó kàn mí. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Ó ní, “Ìyàwó, ṣé o ò rí mi ni?”

Mo ní, “Mo rí yín, ọkọ mi.”

“Kí lò ń dúró dè nígbà náà?”

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí sí i ní Sokodé pé àmì ni ìkíni mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún yọ orúkọ ẹnikẹ́ni.”

 Ìyá ọkọ mi da aṣọ bo ẹnu. Ọkọ mi obìnrin dúró pẹ̀lú ife rẹ̀, ó ń wo ibi tí ó yẹ kí orúnkún mi wà. Mo padà sínú ilé ìdáná.

Wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n halẹ̀ mọ́ mi. Ààfáà wá, àwọn àgbà ẹbí wá láti ìlú Bago. Ohun kan náà ni mo sọ fún gbogbo wọn: kó lọ sí Sokodé, kó dúró nínú gbọ̀ngàn yẹn, kó sọ fún wọn pé irọ́ lòun pa. Lọ́jọ́ tó bá ṣe é, màá kúnlẹ̀ dè é láti ẹnu ọ̀nà. Kò lọ. Láràárọ̀ á kọjá níwájú ilé ìdáná, á rọra rìn, á dúró díẹ̀ bí ẹni tí ń tún bàtà ṣe. Mo máa ń kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, mo máa ń kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ gbóná, ó pọ̀, ẹran wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi ń gbé e síwájú rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ó ń dùn mí. Ó ń dùn mọ́ mi ni.

Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀. Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀, torí ìyàrá mi ló sún mọ́ tirẹ̀ jù. Mo pààrọ̀ aṣọ tó làágùn sí, mo fi omi nu ọrùn rẹ̀, mo gbé e jókòó kó lè lo oògùn. Àwọn ìyàwó yòókù á wọlé, wọ́n á ní ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, òun á sì ṣàmín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ku àwa méjì, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná janjan.

Ó ní, “Ìyàwó, jọ̀ọ́. Kí mi.”

Mo ní, “Ẹ lọ sí Sokodé.”

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Mo bu omi kún ife rẹ̀, mo gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó, mo sì jáde.