Abọ́ Ike Tí Wọ́n Tẹ Àwòrán Asimawu Sí

Asimawu, ìyàwó àbúrò mi ní Òkè-Sopen, ti kú. Ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, àìrí èémí mí ló fi parí. Ní ọjọ́ fìdáù rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, Bùsúyì, tó ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ike àlòkù, gbé ẹ̀bùn wá fún gbogbo àlejò. Kí ni ẹ̀bùn ọ̀hún? Abọ́ ike! Àwòrán olóògbé ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀. Ẹ ò rí i pé aláàánú ni? Ẹlòmíràn ì bá ti náwó lórí ìbòmú nígbà tí obìnrin náà wà láàyè.

Iṣẹ́ Asimawu ni kó máa da ìgò omi àti àga tó ti kán sẹ́nu ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lọ̀ wọ́n kúnná. Tó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, eruku á ti sọ orí rẹ̀ di funfun. Èmi á sì ti dúró dè é.

“Ìyàwó, àṣé o ti dàgbà jù mí lọ! Gbogbo orí ló hewú.”

“Ọkọ mi, tèmi ń ṣí tí mo bá wẹ̀. Tiyín ńkọ́?”

Ta ni n ó máa yọ lẹ́nu báyìí?

Ẹ má sọ pé Bùsúyì ò tọ́jú wọn o. Tí wọ́n bá ṣíwọ́, á fún oníkálukú ní ṣíbí epo pupa kan mu, kó lè fọ àyà. Epo tí ó yẹ ká fi se ọbẹ̀!

Adéníran, ọmọ àdúgbò wa tó ń kọ́ni ní yunifásítì, wá láti Àgọ́-Ìwòyè kí Asimawu tó kú, ó kìlọ̀. Ó ní ike tó kéré ju ohun tí ojú ń rí lè gba imú wọ ara. Àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ á rò pé ọ̀tá ni, wọ́n á gbé e mì, kò ní dà nínú wọn. Inú á wá bí wọn, wọ́n á máa fẹ́ ìjà kiri, ara á wú, á gbóná. “Ìwádìí ò tíì parí o,” ló wí. “Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ bo imú wọn ná.”

“Ẹ gbọ́!” Bùsúyì pariwo. “Kò dá òun fúnra ẹ̀ lójú!”

Bùsúyì, bí kò bá dá ọ lójú pé paramọ́lẹ̀ wà nínú igbó, ṣé ìyàwó oníyàwó ni wàá kọ́kọ́ rán wọbẹ̀?

Wolé-wolé ńkọ́? Ó ń bẹ. Ó rí tanwíjí kan ṣoṣo nínú ìkòkò omi mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ sí kóòtù. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tí eruku ń yọ lójú fèrèsé rẹ̀ bí èéfín, ojú akin wa yìí ò tó o.

Lánàá, mo bá Ìbíkẹ́, ọmọ Asimawu, nídìí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nímú rẹ̀.

“Ta ló ní kó o wá?”

“Ọ̀gá ni, Bàbá. Wọ́n ní kí àyè Ìyá mi má ṣófo.”

Ẹ wá gbọ́ o. Bùsúyì, pa ẹ̀rọ yẹn títí wàá fi bo imú ọmọ náà. Wolé-wolé, wọlé! Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ Adéníran tó sì dákẹ́, kó jáde wá dáhùn lójú gbogbo ìlú, kí Ìbíkẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.