Láàárín Àpáta àti Ògiri

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Apá Ọ̀yọ́ ló ti wá ṣiṣẹ́ oko kòkó nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ń tọ́jú oko fún olóko kan lọ́nà Aládé, àwọn méjèèjì á sì jọ pín ohun tí oko bá mú wá. Nígbà tó fẹ́ gbé ìyá mi níyàwó, olóko náà fún un ní ilẹ̀ kékeré kan lẹ́sẹ̀ àpáta, níbi tí ọmọ onílẹ̀ kankan kò fẹ́ kọ́lé sí. Bàbá mi kọ́lé alámọ̀ síbẹ̀, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Àwọn alágbàṣe mìíràn tí wọ́n wá láti òkèèrè kọ́ tiwọn tẹ̀ lé e. Bí àdúgbò wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orí àpáta yẹn la ti ń sá kòkó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oòrùn á ti wọ̀ tán, òkúta á ṣì máa gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Mo ti kúrò nílé, mo ti lọ́kọ, ọkọ sì ti kú, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú bàbá mi. Ìyá mi kò sí mọ́, torí náà èmi ni mo padà wá tọ́jú rẹ̀. Mo gbé maṣíìnì ìránṣọ mi sí yàrá iwájú, iṣẹ́ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ títì lójú, inú wa dùn. A ń bu omi tútù fún àwọn òṣìṣẹ́. A kò mọ̀ pé gọ́tà tí wọ́n ń gbẹ́ lápá òkè, níbi tí àwọn ilé ńlá tuntun wà, abẹ́ títì ni wọ́n máa gbé e gbà, kí wọ́n tó já a sí ẹnu ọ̀nà wa. Òjò ńlá tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló ṣàlàyé fún wa. Gbogbo omi òkè ya wálẹ̀ tòun ti ọ̀rá àti ìdọ̀tí àwọn tó ń gbé níbẹ̀.

Ọ̀nà tóóró kan ṣì wà lẹ́yìnkùlé nígbà náà. Ibẹ̀ la ń gbà jáde bí iwájú bá kún. Ṣùgbọ́n wọ́n ta ilẹ̀ ẹ̀yìn wa, ẹni tó rà á sì mọ ògiri gíga yí i ká, ó to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé bíi mélòó kan sínú ọgbà náà. Àpáta ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, àpáta tí òjò bá sì ti rin, ewúrẹ́ pàápàá kì í gùn ún. Láti ìgbà náà, bí ojú ọ̀run bá ti dúdú, màá sáré wọlé. Màá yẹ gààrí wò, màá yẹ oògùn bàbá mi wò, nítorí bí omi bá ti dé, ó di ìgbà tó bá fà kí a tó lè jáde. Àwọn oníbàárà mi kò wọlé mọ́. Ọ̀kan nínú wọn dúró létí títì, ó ká aṣọ rẹ̀ bí òṣùká, ó sì jù ú sí mi láti òdìkejì.

Èmi àti ìyá aládùúrà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wa lóhùn kò ṣàfojúdi rárá. Ó fún wa níjòókòó.

Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Omi gbọ́dọ̀ gba ibì kan kọjá."

Mo ní, "Ṣé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ibì kan ọ̀hún?"

Ó tẹ́ àwòrán ìlú sórí tábìlì, ó fi ìka wá wa títí. Ó ní, "Àdúgbò yín kò sí nínú pláànù, mà. Koríko ni wọ́n yà síbẹ̀."

Ìyá aládùúrà wo àwòrán náà, ó wò mí, a dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, òjò rọ̀ bí ẹni ń dà á láti inú garawa. Kí n tó fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì bàbá mi sókè, omi ti dé orúnkún mi nínú yàrá. Mo pariwo pe ìyá aládùúrà. Ó wọ́ ara rẹ̀ wá nínú aṣọ funfun rẹ̀ tó ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀, a sì jọ gbé bàbá mi lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Ibẹ̀ la dúró sí, ògiri lẹ́yìn wa, omi níwájú wa. Mò ń fi ọmọ odó gbá ògiri náà títí apá fi ń ro mí.

Ohùn obìnrin kan dáhùn láti òdìkejì. "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aládùúgbò yín ni. Bàbá mi ò lè rìn, omi ti gba ilé lọ́wọ́ wa."

 Lẹ́yìn náà ni máìgádì wọn yọjú lórí àkàbà. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé àfọ́kù ìgò, ó na àkàbà kejì sí wa, àwa obìnrin sì ń ti bàbá mi láti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e sọdá bí àpò kòkó, ó ní, "Ẹ rọra o, ẹrù yìí ti gbó."

Obìnrin onílé náà fi í jókòó sórí àga ní fàráńdà rẹ̀, ó fún wa ní tíì gbígbóná. Láti ibẹ̀, òrùlé wa nìkan la ń rí. Ó wò ó títí.

Ó ní, "Mo máa ń gbọ́ àkùkọ yín láàárọ̀. Mi ò mọ̀ pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀ tó báyìí."

Òun ló bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn irin kékeré kan sára ògiri náà fún wa. Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n àwọn onílé yòókù nínú ọgbà náà ní àwọn kò fẹ́ kí àjèjì máa wọlé bó ṣe wù wọ́n, torí náà ọwọ́ máìgádì ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Bí omi bá dé, àfi ká kànkùn, ká sì máa retí pé á gbọ́ wa nínú ariwo òjò.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n fa àmì sára gbogbo ilé wa, wọ́n ní a kọ́lé sójú ọ̀nà omi, pé wọn yóò wó wọn. Bàbá mi ní kí n sọ ohun tí àmì náà túmọ̀ sí fún òun. Mo sọ ọ́.

Ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Omi ló wá bá mi."

Wọn kò tíì wá wó o. Wọn kò sì sọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Mo wá ẹni tó máa ra ilé náà, kò sí. Mo wá yàrá tí a lè háyà nítòsí ọjà, àwọn onílé ní àwọn kò gba aláìsàn tí kò lè rìn. A ṣì wà níbẹ̀. Mò ń ránṣọ ní yàrá iwájú, bàbá mi ń sùn nínú yàrá kejì, òjò tuntun sì ti ń ṣú lórí àpáta.